Igi Àgbálùmọ̀ Ẹ̀yìn Àga

Moráyọ̀ fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti garawa ńlá náà, garawa sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ díẹ̀díẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà bálíkónì. Ewé igi àgbálùmọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ń gbá a lójú bí ẹni pé igi náà mọ ibi tí wọ́n ń gbé òun lọ. Ọ̀sán Sátidé kan ni, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, òtútù ìta sì mú débi pé èémí ẹnu ẹni ń rú bí èéfín ìdáná. Ọmọbìnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó ti igi náà síta, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì fa kọ́tìnì bò ó.

"Kò ní pẹ́," ló sọ, bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. "Tí wọ́n bá ti lọ báyìí, màá gbé ọ wọlé."

Ká tó lọ jìnnà, ó yẹ ká mọ bí igi ilẹ̀ olóoru ṣe dé ìlú òyìnbó tí omi ti ń dì. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Moráyọ̀, òun àti igi náà sì jọ dọ́gba lọ́jọ́ orí ni. Nígbà tí wọ́n bí i, Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, wá láti Òkè-Igbó láti wá wẹ ọmọ. Fúláàtì àtijọ́ ni wọ́n ń gbé nígbà náà, lókè téńté ọ̀kan nínú àwọn ilé oníkọnkéré tó yí adágún Southmere ká. Èèyàn á yọjú lójú fèrèsé, á rí omi nísàlẹ̀, á rí àwọn ẹyẹ omi funfun ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹni pé àwọn ló ni àdúgbò. Lọ́jọ́ tí ìwọ́ ọmọ já, Màmá Àgbà gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń wá ilẹ̀ tí wọ́n máa rì í mọ́. Wọn kò rí. Kọnkéré lókè, kọnkéré nísàlẹ̀. Àrínọlá, ìyá ọmọ, ní kí wọ́n fi bébà wé e, kí àwọn sọ ọ́ sínú pàǹtí. Màmá Àgbà wò ó títí ojú fi tì í.

"Àrínọlá," ni wọ́n wí, "tí ọmọ yìí bá dàgbà, tó bi wá pé ibo ni òun ti wá, ṣé inú pàǹtí la máa nàka sí?"

Bí wọ́n ṣe rán ọkọ Àrínọlá lọ ra ilẹ̀ nìyẹn. Ó ya Màmá Àgbà lẹ́nu gidigidi pé wọ́n ń di ilẹ̀ sínú ọ̀rá tà bí ẹni ń ta gàrí. Wọ́n lu ihò sí ìdí garawa ọ̀dà kan, wọ́n da ilẹ̀ náà sí i, wọ́n fi ìwọ́ sáàárín. Àgbálùmọ̀ kan ṣoṣo ló kù nínú èyí tí wọ́n dì wá láti ilé. Wọ́n lá a tán, wọ́n sì tẹ ọmọ inú rẹ̀ bọlẹ̀. Màmá Àgbà ní ilé kì í ṣe ti Àrínọlá, onílé lè lé wọn nígbà tó bá wù ú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ inú garawa yìí á máa bá wọn kó kiri ni. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Nígbà tí wọ́n wó àwọn ilé àtijọ́ yẹn, tí wọ́n kó lọ sí ilé tuntun ní Tavy Bridge, igi náà ló kọ́kọ́ wọ inú ọkọ̀ ṣáájú bẹ́ẹ̀dì.

Àgbálùmọ̀ kò mọ yìnyín. Ọyẹ́ ló mọ̀, ọyẹ́ kì í sì í pa igi. Nítorí náà, bí ewé igi ìta bá ti ń pọ́n, tí òwúrọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fínni lára, wọ́n á gbé e wọlé sẹ́yìn àga onítìmùtìmù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà. Ibẹ̀ ló máa wà títí oòrùn oṣù Karùn-ún á fi pè é síta. Kò so rí. Ó kàn ń ga ni, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ lójú, ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí idẹ. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ, igi yìí ti pẹ́ lára wọn débi pé, bí Màmá Àgbà bá pè láti Òkè-Igbó lọ́jọ́ Ìsinmi, "Igi ńkọ́?" ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ, kí wọ́n tó bèèrè èèyàn.

Nígbà tí Moráyọ̀ wà ní kékeré, ìdí igi náà ló ti máa ń jókòó gbọ́ ìtàn lẹ́nu Màmá Àgbà, nígbàkigbà tí wọ́n bá wá. Wọ́n á sọ fún un nípa igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé bàbá wọn, bí àwọn ọmọdé ṣe ń jí ní ìdájí láti ṣa èyí tó bọ́ lóru, bí wọ́n ṣe ń jẹ èèpo rẹ̀ lẹ́nu títí á fi di gọ́ọ̀mù, bí ẹni tó bá pẹ́ jí ṣe máa ń bá ewé nìkan. Moráyọ̀ kò dé Òkè-Igbó rí, ṣùgbọ́n bó bá di ojú, ó lè gbọ́ ìró èso kan tó bọ́ sórí ewé gbígbẹ.

Ṣùgbọ́n ọmọ á dàgbà, ojú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọmọ. Jayden, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló dá a sílẹ̀. Òun àti Waheedah, ọ̀rẹ́ Moráyọ̀, wá sílé wọn lọ́jọ́ kan. Àrínọlá ti fi ìró àdìrẹ kan tó ti gbó di garawa náà yíká kí ó lè dùn ún wò. Jayden jókòó, ó bojú wẹ̀yìn, ó sì dìde dúró tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Moráyọ̀," ló wí, "auntie yín kan dúró sẹ́yìn àga o. Wọn ò dá wa lóhùn."

Waheedah rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Láti ọjọ́ yẹn, bí Moráyọ̀ bá ti wọ kíláàsì, ẹnì kan á bèèrè pé, "Auntie ńkọ́? Ṣé wọ́n ti jẹun?" Òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹnu ni. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n tún fẹ́ wá sí ilé wọn lọ́jọ́ Sátidé tí à ń wí yìí láti wá ya fídíò ijó, ó pinnu pé auntie kò ní sí nílé.

Wọ́n wá, wọ́n jó, wọ́n ya fídíò. Jayden yọjú wẹ̀yìn àga, ó ní ṣé auntie ti padà sí Nàìjíríà ni. Moráyọ̀ ní wọ́n ti lọ. Kò pẹ́ tí Waheedah rí i lórí fóònù pé etí adágún Southmere ti dì, ni gbogbo wọn bá dìde. Ẹgbẹ́ ẹyẹ lẹyẹ ń wọ́ tọ̀. Wọ́n dúró sétí omi, wọ́n ń ju òkúta sórí yìnyín, òkúta sì ń ké lórí rẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ. Láti ibẹ̀, wọ́n gba ilé Waheedah lọ jẹun. Nígbà tí Moráyọ̀ padà dé, ilé dákẹ́. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ilẹ̀ máa mọ́ kó tó dé. Bàbá rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù wà lójú ọ̀nà ibi jíjìn. Kọ́tìnì sì bo ilẹ̀kùn bálíkónì bó ṣe fà á. Ó sùn.

Ìgbà tó jí, tó rí ààyè tó ṣófo lẹ́yìn àga, ló rántí. Ó fa kọ́tìnì. Gbogbo bálíkónì funfun bí ẹni da iyọ̀ sí i. Ewé igi náà kò sì dúró mọ́. Ó dúdú, ó rọ̀, ó wọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀ lómi gbígbóná.

Ó wọ́ ọ wọlé, ó fi í ti hítà. Kí ló tún kù tí èèyàn lè ṣe? Ó wá rántí pé nígbà òtútù, bí Màmá Àgbà bá wà nílé, wọ́n á yọ́ òrí láàárín àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á fi pa òun lára láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n á ní ọyẹ́ ilẹ̀ yìí ní eyín. Ó sáré gbé ike òrí, ó jókòó sílẹ̀, ó sì ń fi pa ewé igi náà, ojú àti ẹ̀yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ewé náà ń dán. Kò sì jí.

Àrínọlá dé, ó ń bọ́ bàtà lọ́wọ́ nígbà tó rí i. Ó dúró sójú kan.

"Kí ló ṣe igi?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé ó jáde síta ni?"

Ìdáhùn méjì ló wà lẹ́nu Moráyọ̀. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Èyí tó yá ni ó mú.

"Kò kúrò níbẹ̀ rárá, Mọ́mì."

Ká ní ó sọ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn ni, ìyá rẹ̀ á jágbe mọ́ ọn, á sọ ọ́ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí, á tán. Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn yọ òtútù kúrò nínú ọ̀rọ̀. Bí kì í bá sì í ṣe òtútù ló pa igi tó wà nínú ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà, kí ló pa á? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Obìnrin onígbàgbọ́ ni Àrínọlá. Bí wọ́n bá bi í nínú ṣọ́ọ̀ṣì, á ní ọ̀rọ̀ igi àti ìwọ́, ti ayé àtijọ́ ni, ẹ̀jẹ̀ Jésù ti borí. Ṣùgbọ́n abúlé ló dàgbà sí, ó sì mọ ohun tí àwọn àgbà ń sọ bí igi ìwọ́ ọmọ bá ṣàdédé rọ, pé nǹkan fẹ́ ṣe ọmọ náà. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ní àràárọ̀ ló ń gbá a. Ọ̀sán kan kò gbọdọ̀ kọjá kó má pe fóònù Moráyọ̀ kó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín dé ibùdókọ̀, ọmọ tó ti ń dá lọ tipẹ́. Bí wọ́n bá jókòó ti oúnjẹ, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ, á ní kò sí nǹkan kan, òun kàn ń wò ó ni. Òun fúnra rẹ̀ kò jẹun. Nígbà tí Màmá Àgbà pè lọ́jọ́ Ìsinmi, tí wọ́n bèèrè pé, "Igi ńkọ́?", Àrínọlá yí fóònù sí ògiri, ó ní igi wà dáadáa. Irọ́ kan kì í dá rìn. Ó ti pe èkejì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Moráyọ̀ ń wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó kúnlẹ̀: "Olúwa, bó bá jẹ́ pé nǹkan kan ń wá ọmọ mi, èmi ni kó bá. Èmi ni kó bá, má jẹ̀ẹ́ kó kan ọmọ mi." Ọwọ́ rẹ̀ dúró sára bọ́tìnnì.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Waheedah ní kó gbẹ́nu dákẹ́, ó ní igi ti kú, ta ló máa jí i bó bá sọ̀rọ̀? Ìdánwò àṣekágbá ń bọ̀, ó ní, ṣé ó fẹ́ kí wọ́n gba fóònù rẹ̀ ni? Jayden kò bèèrè auntie lọ́jọ́ yẹn.

Moráyọ̀ gba ìmọ̀ràn Waheedah. Ó dákẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ń fi ọwọ́ gbá ògiri mú wọlé. Ó jókòó, Moráyọ̀ gbé tíì fún un, ó gbé e kalẹ̀ láìmu ún. Ó ní òun ń gbé ìyá arúgbó kan dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ni òòyì kọ́ òun, díẹ̀ ló kù kí àwọn méjèèjì ṣubú.

"Ẹ jẹun, Mọ́mì," ni Moráyọ̀ wí.

"Mo ń gbààwẹ̀ ni."

"Nítorí igi?"

Àrínọlá wo ilẹ̀.

"Igi yẹn kò fúnra rẹ̀ kú," ni Moráyọ̀ wí, omi ti gba ojú rẹ̀. "Èmi ni mo gbé e síta lọ́jọ́ tí omi dì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ojú ń tì mí. Mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ di àárọ̀. Mo purọ́ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbààwẹ̀ mọ́."

Ó ń retí àbàrá. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kàn tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ èdè tí kò gbọ́ dáadáa.

"Òtútù ni?" ló bèèrè. "Òtútù lásán ni?"

"Òtútù ni, Mọ́mì."

"Òtútù," ni Àrínọlá tún wí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí, ó bú sẹ́kún, ẹ̀rín sì ń dà pọ̀ mọ́ ẹkún náà. Nígbà tó yá, ó nu ojú rẹ̀. "Lọ bu ìrẹsì fún mi. Kó pọ̀ o. Bí mo bá jẹun tán, màá wá bínú."

Ó jẹun tán, ó sì bínú lóòótọ́. Ohun tó sọ kò kéré, ó sì gba fóònù bí Waheedah ṣe wí. Ṣùgbọ́n èyí tó le jù ni pé Moráyọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa sọ fún Màmá Àgbà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ojú Màmá Àgbà yọ lójú fóònù, gèlè wọn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, adìyẹ ń ké lẹ́yìn wọn. "Igi ńkọ́?" Moráyọ̀ kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yọ ti fídíò sílẹ̀, kò yọ ti yẹ̀yẹ́ sílẹ̀. Ó wá yí fóònù sí igi náà, tó ku ewé díẹ̀ lórí.

Màmá Àgbà wò ó pẹ́. "Kí ló ń dán lára ewé yẹn?"

"Òrí ni, Màmá."

"Òrí kẹ̀?"

"Bí ẹ ṣe máa ń fi pa mí lára nígbà ọyẹ́."

Màmá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi etí ìró nu ojú. "Èèyàn fi òrí pa igi lára," ni wọ́n ń wí fún ẹnì kan tí a kò rí. "Ọmọ mi, o fi òrí pa igi lára."

Àrínọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ fóònù, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi ìyá rẹ̀ bóyá kò sí nǹkan kan tí wọ́n gbọdọ̀ ṣe, nítorí igi ìwọ́ ni.

"Ẹ̀rù ló ń bà ọ́?" ni Màmá Àgbà wí. "Igi obì ni wọ́n gbìn sórí ìwọ́ tèmi. Ìjọba ń la títì, wọ́n gé e lulẹ̀ kí n tó lọ́kọ. Mo bí ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ń bá ọ jiyàn lónìí. Igi kì í ṣe ẹ̀mí ọmọ, Àrínọlá. Ìdí tí a fi ń gbìn ín ni pé kí ọmọ mọ̀ pé ibì kan wà tí òun ti wá, kó sì ní ohun kan tí yóò kọ́kọ́ tọ́jú kó tó di ẹni tó ń tọ́jú èèyàn." Wọ́n pe Moráyọ̀. "Ìwọ tó fi òrí pa á lára, wá. Fi èékánná ha á lókè. Kí lo rí?"

"Ó gbẹ."

"Sọ̀ kalẹ̀."

Ó ń ha á, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Gbígbẹ. Gbígbẹ. Ó dé ibi tó fi díẹ̀ ga ju ilẹ̀ lọ, ó ha á, oje funfun kan sì yọ bí wàrà, ó dúró sórí èèpo.

"Màmá, oje yọ."

"Níbi tí oje bá ti yọ, ibẹ̀ ni ìyè wà. Gé gbogbo tòkè dànù."

Àrínọlá ní òun kò lè gé e. Moráyọ̀ ló gé e, igi tó bá a dàgbà, tó ti ga jù ú lọ. Kùkùté tó kù kò ju kí èèyàn fi ọwọ́ kan wọ̀n ọ́n lọ. Wọ́n tún ìró àdìrẹ so mọ́ garawa, ó wá dà bí ìyá àgbà tó lóṣòó sẹ́yìn àga.

Oṣù gorí oṣù. Lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, Màmá Àgbà á bèèrè igi, Moráyọ̀ á ní kò tíì hù. Wọn kò bínú rí. Wọ́n kàn máa ń sọ pé, "Ó dáa, mo mọ̀ pé òótọ́ lo sọ." Ó ń kàwé ìdánwò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté náà. Ó ṣe ìdánwò tán, igi kò hù. Ó ti fẹ́ máa ro ó pé oje yẹn, oje ìdágbére ni. Àfi bó ṣe di àárọ̀ kan nínú oṣù Kẹfà, tó ń bu omi sí i ní bálíkónì, ló rí ohun kan ní ìdí èèpo, ó pọ́n, kò ju imú abẹ́rẹ́ lọ. Lọ́la rẹ̀, ó ti yà sí méjì.

Ó gbé fóònù sún mọ́ ọn lọ́jọ́ Ìsinmi. Màmá Àgbà wo ọ̀mùnú náà, wọ́n mi orí. Wọn kò bèèrè igi lọ́jọ́ yẹn.

"Moráyọ̀," ni wọ́n wí, "ìwọ ńkọ́?"

Nígbà tí ewé ìta tún pọ́n, tí òwúrọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í fínni, Jayden àti Waheedah wà nílé wọn. Moráyọ̀ ní kí wọ́n dúró ná, òun fẹ́ gbé nǹkan wọlé kí òtútù tó dé. Jayden dìde, ó bá a di etí kejì garawa mú. Igi náà kò ga ju orúnkún lọ, ewé rẹ̀ ń dán fúnra rẹ̀, láìsí òrí. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sẹ́yìn àga. Jayden tẹ̀ ba, ó tún ìró rẹ̀ ṣe.

"Ẹ káàbọ̀ o, Auntie," ló wí. Waheedah rẹ́rìn-ín. Moráyọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín inú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn. Òtútù ọjọ́ yẹn kò lè ṣe ju kó pa ewé igi lọ. Irọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dé gbòǹgbò ilé, nítorí ẹni tó bá fi òótọ́ pamọ́ fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, inú òkùnkùn ló fi wọ́n sí pẹ̀lú ẹ̀rù. Ohun tí a jogún, tí ẹgbẹ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò yẹ ká gbé e síta nítorí ẹ̀rín ọ̀sán kan. Bí a bá sì ti ṣìnà, ká tètè wí. Níbi tí òótọ́ bá ti yọ bí oje, ibẹ̀ ni nǹkan ti lè tún hù.